Ṣé Ìwà Ni, Tàbí Àìsàn?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí àìsàn bá ń mú ènìyàn bínú, tó wá fi ìbínú náà bú ìyá ọkọ rẹ̀, ta ló jẹ̀bi? Òun ni, tàbí àìsàn?

Inú ilé wa ní Atakpamé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Gàrì ló ń tà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Bí ọmọdé bá da omi sí i lára, ẹ̀rín ló máa rín. Nígbà tó yá, ó yí padà. Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń rù. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo wa da aṣọ bora, òun ń làágùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gàrì ń dà sílẹ̀ bó bá ń wọ̀n ọ́n. Kì í sùn lóru. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ọ̀rọ̀ kékeré, ariwo ńlá. Ní ọjọ́ kan, ó pe ìyá wa ní àjẹ́ níwájú gbogbo ará ilé.

Àwa náà kò dákẹ́. Àwọn kan ní sídà ló mú un. Àwọn kan ní òun gan-an ni àjẹ́, ẹ wo ojú rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó dá a padà sílé bàbá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá ra gàrì ló rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó ní: “Ìyá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.” Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tiroídì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Tiroídì jẹ́ ohun kékeré kan níwájú ọrùn, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Ó dà bí ẹni tó ń ko igi sí ìdí ìkòkò. Bí igi bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ á hó dànù. Nínú irú àìsàn tó mú ìyàwó wa, àwọn ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣi ọ̀nà: wọ́n ń ti tiroídì kó máa ko igi ṣáá. Àìsàn náà kì í ràn. Obìnrin ló ń mú ju ọkùnrin lọ. Basedow ni àwọn dókítà wa ń pè é, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1840. Bí ẹ bá kọjá sí Gánà, Graves ni ẹ máa gbọ́. Ìyẹn kọ tirẹ̀ ní 1835, ní ilẹ̀ Ireland.

Àwọn àgbà wa mọ gẹ̀gẹ̀ dáadáa. Ní ilẹ̀ òkè tó jìnnà sí òkun bíi tiwa, àìtó íódì nínú oúnjẹ ló sábà ń fà á. Nítorí náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó pàdé ní New York ní 1990 ṣe pinnu láti fòpin sí àìtó yìí, tí a sì ń fi íódì sí iyọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọrùn tó wú kọ́ ló ní àìsàn kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹjọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní: “Ìyá, àìsàn ló sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó tán.” Ìyá wa dáhùn pé: “Àìsàn kò ní ẹnu. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.”

Mo rò ó títí. Ẹyin lohùn; èyí tó ti fọ́ ti fọ́. Àìsàn kò kó ẹyin náà jọ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tì láti ẹ̀yìn, tó wá ṣubú lu ẹlòmíràn, kò dà bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lù ú. Ìyàwó wa kò mọ ohun tó ń ti òun. Àwa ńkọ́? Ara wa le, a sùn dáadáa, ọkàn wa kò lù kìkì. Kí ló ti àwa tí a fi pè é ní àjẹ́? Ibí yìí ni ẹjọ́ náà ti yí lù mí. Mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ tó ti mọ orúkọ àìsàn rẹ̀, gbèsè tuntun wà lọ́rùn rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn. Wọ́n fún un ní carbimazole, tó ń dín iṣẹ́ tiroídì kù, àti propranolol, tó ń mú ọkàn àti ọwọ́ rọlẹ̀. Carbimazole kì í yára. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó tù, a sì sábà ń lò ó fún oṣù 12 sí 18. Bí ọ̀fun bá ń dun ẹni tó ń lò ó, tàbí ibà dé, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún ní láti sọ fún dókítà ṣáájú.

Ohun kan tún wà tó ń ṣe, tí dókítà kò kọ́ ọ. Bí inú rẹ̀ bá ti fẹ́ ru, a ní, “Ó ti ń hó o,” a sì lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e.

Ìyá wa kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí ìyàwó tó gbé gàrì lọ sọ́jà, ìyá a bu omi sínú ife, a gbé e fún un, a ní: “Ìyàwó, oògùn ńkọ́?”