Ábúráhámù Wọn Fàdákà Náà
Ẹ̀kọ́ kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 23:10-18



Nígbà tí Ábúráhámù ra oko lọ́wọ́ Éfúrónì láti sin Sárà, 400 ṣékélì fàdákà ni ó wọ̀n lójú gbogbo ènìyàn. Éfúrónì rí owó rẹ̀ kí oko tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí, bí a bá gbé sípíkà àlòkù sórí Facebook láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Emùré, ẹnìkan lè pè pé òun ti sanwó. Àlẹ́ẹ̀tì á dún, awakọ̀ tí ó rán á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa kán wa lójú. Ẹ má tíì gbé e fún un! Àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè kọ ayédèrú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì yín fúnra yín ní báńkì. Bí ó bá ní owó náà pọ̀ jù, kí ẹ dá ìyókù padà, ẹ ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ọmọ ta ní ń kọ ayédèrú náà? Ọmọ wa ni. Ẹ bi í léèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá, kí ẹ tó jẹ nínú rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n; má jẹ́ kí owó èrú wọ ilé wa. Àmín.