Orí Orin, Ìdí Orin

Eré kan wà ní ilẹ̀ Japan tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Shiritori ni wọ́n ń pè é. Bí a bá tú orúkọ náà sí Yorùbá, "ìdí mímú" ni. Ẹnì kan á dárúkọ nǹkan. Ẹni tó kàn á gbá ìdí ọ̀rọ̀ náà mú, ìyẹn ìró tó gbẹ̀yìn rẹ̀, á sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní sakura, "ra" ló fi sílẹ̀. Ẹnì kejì lè ní rakuda, ìyẹn ràkúnmí. Ẹnì kẹta á wá ọ̀rọ̀ tó fi "da" bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni kò ṣeé yẹ̀: ẹni tó bá dárúkọ ohun tó parí sí "n" tó dá dúró, tí kò ní fáwẹ̀lì lẹ́yìn, ti fìdí rẹmi. Ìdí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ èdè wọn tó fi irú "n" yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé eré yìí wọ yàrá karaoke, orúkọ orin ló máa ń dípò ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kàn gbọ́dọ̀ wá orin tí orúkọ rẹ̀ fi ìró yẹn bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ ọ́. Nígbà tí mo ń kàwé ní ìlú Kobe, mo fẹ́ràn eré yìí, ṣùgbọ́n àlejò ni mí, orin tí mo mọ̀ kò tó nǹkan. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo kọ orúkọ orin sínú ìwé pélébé, mo tò wọ́n ní ìró-ìró: ti "ka" lọ́tọ̀, ti "shi" lọ́tọ̀, ti "ru" lọ́tọ̀. Mo kọ́ ẹsẹ àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ti tó mi láti borí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa márùn-ún jókòó sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan mú "Tsugaru Kaikyō Fuyugeshiki", orin tí Ishikawa Sayuri gbé jáde ní 1977. "Ki" ló kù nílẹ̀. Èkejì mú "Kitaguni no Haru" ti Sen Masao, òun náà 1977, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó mọ̀ pé ohun tó fi "ru" bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnì kẹta kò mikàn, ó mú "Rubī no Yubiwa" ti Terao Akira, ti 1981. "Wa". Ẹnì kẹrin mú "Watarasebashi" ti Moritaka Chisato, ti 1993. "Shi" ló wá kàn mí. Mo ní "Shima Uta". Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, mo sì tẹ bọ́tìnnì tó ń dá orin dúró kí eré lè máa lọ.

Ẹni tó mú "Watarasebashi" kò pàtẹ́wọ́. Ará Okinawa ni ìyá ìyá rẹ̀. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé mo mọ ohun tí orin yẹn ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Shi ni mò ń wá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wádìí. Ìtumọ̀ "Shima Uta" ni "orin erékùṣù". Miyazawa Kazufumi tó wà nínú ẹgbẹ́ The Boom ló kọ ọ́, ó jáde ní 1992. Kì í ṣe ọmọ Okinawa. Ó lọ sí ilé ìrántí Himeyuri ní erékùṣù náà, ohun tó rí níbẹ̀ ló bí orin náà. Himeyuri ni orúkọ tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọbìnrin 222 àti olùkọ́ 18 tí wọ́n kó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní 1945, pé kí wọ́n lọ máa tọ́jú ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Iye tó kú nínú wọn ju ìdajì lọ. Òkú wọ̀nyẹn ni mo fi dí àlàfo "shi".

Ìbéèrè tó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà náà ni èyí: ǹjẹ́ ó burú kí ènìyàn mú orin nítorí ìró tó fi bẹ̀rẹ̀?

Mo kọ́kọ́ gbèjà ara mi. Mo ní àwọn ará Japan fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe lónìí. Ewì 100 kan wà tí wọ́n ń pè ní Hyakunin Isshu, tí Fujiwara no Teika ṣà jọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Wọ́n ń fi káàdì rẹ̀ díje. Ìdajì ìkẹyìn ewì kọ̀ọ̀kan ló wà lára káàdì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á máa ka ewì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá káàdì rẹ̀ ló ni ín. Ewì méje wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí òǹkàwé bá ti la ẹnu báyìí, ìró kan ṣoṣo ti tó láti dá a mọ̀: mu, su, me, fu, sa, ho, se. Ọwọ́ á ti gbá káàdì kí ẹnu tó parí ọ̀rọ̀. Bí àwọn yẹn bá lè fi ìró kan mú ewì àwọn baba ńlá wọn, kí ló dé tí èmi kò lè fi "shi" mú orin?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, àpẹẹrẹ tí mo mú wá gbeja ara mi ló dá mi lẹ́bi. Ẹni tó ń gbá káàdì yẹn ti kọ́ ewì 100 náà sórí pátápátá. Orí ewì tó o, torí ìdí rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, orí nìkan ni mo ní. Bí ọ̀rẹ́ ẹni bá kọ́ tí a sì ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀, ìfẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ikọ́ ènìyàn tí kò mọ ènìyàn, kò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹnì kan lè sọ pé àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Ní 1961, Sakamoto Kyū kọ orin "Ue o Muite Arukō", ìyẹn "kí a máa wòkè bí a ti ń rìn". Ẹni tó ń wòkè yẹn, omijé ló ń fi pa mọ́. Nígbà tí orin náà dé òkè òkun, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí "Sukiyaki", nítorí ó rọ ẹnu àwọn òyìnbó lọ́rùn. Oúnjẹ ẹran kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò kan orin náà rárá. Ní oṣù Kẹfà 1963, òun ló wà nípò kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Ẹkún ẹni ni wọ́n sọ lórúkọ ọbẹ̀ ẹran. Síbẹ̀, n kò lè bá àwọn tó gbádùn rẹ̀ wí. Ohùn náà wọ̀ wọ́n lára, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Èmi ni wọ́n bi. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún mi láti mọ̀, mo sì fi ẹ̀rín tì í. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi wà.

Mo tún dán eré náà wò ní èdè Yorùbá. Ó kọ́kọ́ kọ̀, torí fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀-orúkọ wa sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò rí ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi "lé" inú "ilé" bẹ̀rẹ̀? Mo wá ní kí a máa mú fáwẹ̀lì ìparí nìkan. Ó ń lọ: ilé, ewé, ejò, òkú. Níbẹ̀ ló dúró. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ tó fi "u" bẹ̀rẹ̀. Àfi bí ará Èkìtì bá wà níjòkòó, tó ń pe ilé ní "ulé". Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi, ẹnu ẹlòmíràn ló kù tí a ó fi máa bá a lọ. Bí n kò bá fetí sí i, èmi ni mo pa eré náà.

Mo gbà báyìí pé kò burú kí a fi ìró pe orin. Ibì kan la ti ń bẹ̀rẹ̀. Láìsí "shi", bóyá n kò bá má mọ̀ pé Himeyuri wà. Ohun tó burú ni kí a mú orí kí a sì ju ìdí nù. Nínú shiritori, ẹni tí kò fi ohun tí ẹlòmíràn lè dì mú sílẹ̀ ló ń fìdí rẹmi. Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn: wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo fi "n" dáhùn.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní orin náà láti orí dé ìdí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí "shi" tún kàn mí, mo kọ ọ́ tán. Ó gùn, ó sì dá eré dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó kàn wá orin tó fi "ta" bẹ̀rẹ̀.