Ṣé Ojúṣàájú Ni?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jẹyọ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí àsìkò ìdánwò bá ti dé, pàápàá lálẹ́ tí iná bá lọ tí ìwé ò ṣe é kà mọ́. Ẹnì kan á ní, "Àwọn tí kò ríran ní kíláàsì wa, wọ́n tún fi àkókò kún tiwọn. Ṣé ìyẹn dáa? Ṣé èmi náà ò fẹ́ àfikún ni?" Ẹlòmíì á dá a lóhùn pé, "Ṣàánú wọn jàre. Ṣé o mọ ohun tí ojú wọn ń rí ni?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ọ̀kan ní ojúṣàájú ni, èkejì ní àánú ni. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Kì í ṣe ojúṣàájú, kì í sì í ṣe àánú. Ọ̀rọ̀ òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Kí ni ìdánwò? Òṣùwọ̀n ni. Ìmọ̀ wà nínú èèyàn, a ò lè fojú rí i, la ṣe ń fi ìbéèrè wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo òṣùwọ̀n ló ní ohun tó wà fún. Kóńgò làwọn ìyá wa fi ń wọn gààrí lọ́jà, yáàdì làwọn aláṣọ fi ń wọn aṣọ. Bí ẹnì kan bá rún àǹkárá sínú kóńgò, tó wá ní kò kún, ṣé àǹkárá ló jẹ̀bi ni?

Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tó jókòó ti ìdánwò ìtàn. Ìka ló fi ń ka ìbéèrè lórí Braille, létà kan tẹ̀lé òmíì. Ojú tiwa lè fò láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, ká fi wá ìbéèrè tó rọ̀ wá lọ́rùn. Ìka ò lè fò bẹ́ẹ̀. Tó bá kà á tán, táìpùráítà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dáhùn, kò sì sí bó ṣe fẹ́ padà wo ohun tó ti tẹ̀. Tí ẹnì kan bá ké pè é lójijì, tó gbàgbé ibi tó dé nínú gbólóhùn, ó di kó máa méfò. Tí ríbọ́ọ̀nù bá sì gbẹ tí kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó lè tẹ ojú ìwé mẹ́ta kó jẹ́ òfìfo ni yóò fà kalẹ̀.

Tí aago bá wá lù nígbà tó ṣì ku ìbéèrè kan, kí la wọ̀n lára ọmọ yẹn? Ṣé ohun tó mọ̀ nípa ogun Kírìjì ni, àbí bí ìka ẹ̀ ṣe yá tó? Ìyára ìka la wọ̀n, ṣùgbọ́n ìwé èsì ò ní kọ "ìyára ìka" síbẹ̀. "Ìtàn" ló máa kọ. Irọ́ ni ìwé èsì yẹn ń pa, irọ́ náà á sì bá ọmọ yẹn dé ibi tó bá ti ń wáṣẹ́.

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí ẹ̀ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Máàkì lẹrù orí yẹn. Gbogbo wa la máa ń rí máàkì tó wọ́, a kì í bèèrè ibi tó ti wọ́ wá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ojú àti etí nìkan ni. Ní ọdún 1905, ní Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi ń wo làákàyè ọmọdé. Kí wọ́n lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé ni wọ́n ṣe ṣe é. Binet fúnra ẹ̀ ò gbà pé bí làákàyè ọmọ ṣe rí lónìí ló máa wà títí láé. Nígbà tí irú ìdánwò yìí dé Amẹ́ríkà, wọ́n fi ń ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Ní California, wọ́n fi èdè Òyìnbó dán àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Spéènì nílé wò, wọ́n sì kó wọn sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé. Àwọn òbí gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n fi èdè àwọn ọmọ náà tún wọn dán wò, máàkì wọn gòkè. Ní ọdún 1975, òfin ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé wọn ò gbọdọ̀ fi ìdánwò kan ṣoṣo pinnu ibi tí wọ́n máa fi ọmọ sí, àti pé èdè ọmọ ni kí wọ́n fi dán an wò tó bá ti lè ṣeé ṣe. Síbẹ̀, ó di ọdún 1979 kí adájọ́ kan tó dá àwọn ará California lẹ́kun pé kí wọ́n yéé fi irú ìdánwò yẹn kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sí kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Àwa tí wọ́n nà nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kì í ṣe olódo.

Ẹ jẹ́ ká wá yíjú sí apá kejì, torí ibẹ̀ náà léwu. Olùkọ́ kan lè wà tí kì í ka ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àkàndá rárá, táá kàn fún un ní 50, táá ní Ọlọ́run á san án fóun. Ẹ̀yin èèyàn mi, oore kọ́ nìyẹn. Àwọn baba wa pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ò fi ṣẹ̀sín, tí a ò sì bi ní ìbéèrè gidi, a ò tíì kà á sí ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá yẹ kó gba kàríófà, ẹ jẹ́ kó gba kàríófà. Ẹni tó bá yẹ kó gba 70, ẹ má jẹ́ kí aráyé máa sọ pé àánú ló fi gbà á.

Ibo wá ni ààlà? Èmi rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè fi ààlà hàn wá: kí ni ìdánwò yìí fẹ́ mọ̀? Tó bá jẹ́ ìtàn ló fẹ́ mọ̀, àfikún àkókò ò ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá jẹ́ sípẹ́lì ló fẹ́ mọ̀, tí ẹlòmíì wá ń bá ọmọ náà kọ ọ́, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fẹnu pe létà kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sípẹ́lì ẹni tó ń kọ ọ́ la máa máàkì. Èyí tó le ni irú iṣẹ́ yàrá kẹ́mísìrì, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ rí i pé àwọ̀ yí padà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran bá ń pàṣẹ ohun tí kí wọ́n dà àti ìgbà tí kí wọ́n dúró, tí olùrànlọ́wọ́ sì ń sọ àwọ̀ tó rí fún un, ta ló ṣe kẹ́mísìrì náà? Èmi ní ẹni tó pàṣẹ ni. Ẹlòmíì lè ní rárá, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká máa jà lé lórí nìyẹn, kì í ṣe "ṣé èmi náà ò fẹ́ àfikún ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ yín. Ẹ̀rù ń bà yín pé ẹlòmíì lè fi ṣe jìbìtì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ torí ẹ̀sípò ò pọ̀ nílùú, a ò fagi lé ìdánwò. Kí wọ́n yẹ ìwé dókítà wò, kí wọ́n mú ẹni tó bá parọ́.

Kì í kúkú ṣe pé kò ṣeé ṣe. JAMB dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2017 tó ń rí sí ìdánwò àwọn tí kò ríran, kí wọ́n má baà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí wọn ò lè kà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àbùkù ara dù èèyàn ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ọdún 5 ni òfin yẹn fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ìlú ń lò láti tún un ṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ ọ́. Ọdún 5 yẹn ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ lọ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò tiyín, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ìdánwò ò ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn kan kí wọ́n tó dé orí àga.

Ní ọjọ́ ìdánwò tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ní ká fà ìwé kalẹ̀, tí ẹnì kan ṣì ń tẹ táìpùráítà lẹ́yìn, ẹ má wò ó níwòkuwò. Kò jí àkókò ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan náà tí wọ́n bi wá ló ṣì ń dáhùn lọ́wọ́.