Awọ Ara, Ẹ̀bi àti Àdúrà

Psoriasis, àrùn awọ tí kì í ràn, máa ń wáyé nígbà tí agbára tí ara fi ń lé àrùn bá ṣi iṣẹ́ ṣe, tí awọ tí ó yẹ kí ó pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ìpẹ́ funfun sì ń ṣù jọ sórí ìgúnpá àti orúnkún. Lára aláwọ̀ dúdú, ojú ibẹ̀ lè ní àwọ̀ àlùkò tàbí ti eérú. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń kà á mọ́ ẹ̀tẹ̀, kí Ferdinand von Hebra, oníṣègùn awọ ní ìlú Vienna, tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní ọdún 1841.

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù nípa afọ́jú nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí 9, pé ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ bí wọ́n bá rí irú àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn Jésù ti dá ọkùnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀ láre. Lóòótọ́ ni psoriasis lè bá ìran rìn, ṣùgbọ́n a kì í jogún ẹ̀bi pẹ̀lú awọ. Ẹni tí ó ń fi ìpara ra ìgúnpá rẹ̀ ní kété tí ó bá wẹ̀ tán, tí ó sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, kò ṣàìgbàgbọ́. Bí àrùn náà bá sì tún yọjú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé àdúrà rẹ̀ kò gbà.