Ibi Òkìkí Tàbí Ibi Iṣẹ́?

Bí ọ̀nà méjì bá ṣí sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìdálẹ̀, èwo ni kí ó tọ̀: ẹgbẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn, tàbí ibi tí yóò ti rí ààyè ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin. Ní ọdún 2015, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, Liverpool gbà á. Ṣùgbọ́n kò rí ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà méje ni a yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn ní Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọdún 2021 ìwé náà dé. Síbẹ̀, Union Berlin, níbi tí a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ni ó lọ. Ó gbá góòlù 15 sáwọ̀n nínú líìgì Jámánì ní sáà náà; ní ọdún 2022, Nottingham Forest rà á wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀ a máa gbin kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe pé kòkó kórìíra oòrùn; ìgbà rẹ̀ ni kò ì tí ì tó.

Ẹnìkan lè wí pé òbí ń retí, owó ńlá kì í sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ a dógùn-ún, owó náà a sì tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó bèèrè orúkọ tí a ó máa pè yín níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe.