Ta Ni Ó Ni Ìmọ̀?

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí ọgbọ́n bá jẹ́ ohun tí à ń yá lò lọ́wọ́ ara wa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnì kan gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí òun hùmọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun? Bí ohun náà bá wá jẹ́ èyí tí ó lè gba ẹ̀mí là ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ Nàìjíríà méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọmọwùnmí Sadik, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1964, gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tí ń tọpa ohun tí ojú kò lè rí. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Achilefu ní tirẹ̀ hùmọ̀ awò ojú fún dókítà oníṣẹ́-abẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi èròjà kan sí ara aláìsàn. Bí dókítà bá wá fi awò náà wò ó, ibi tí jẹjẹrẹ wà yóò máa tàn, kí ó má baà ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n lò ó nínú iṣẹ́-abẹ ní ìlú St. Louis. Òun náà gba ìwé ẹ̀tọ́.

Àwọn kan yóò ní ìmọtara-ẹni-nìkan ni èyí. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí olùhùmọ̀ tó gba ìwé náà, ó di dandan kí ó ṣàlàyé bí a ti ń ṣe ohun náà, kí gbogbo ayé lè kà á. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 1970, lẹ́yìn ogún ọdún ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti pin. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìwé tí a gbà ní Amẹ́ríkà nìkan kò de ẹni tí ó wà ní Adó-Èkìtì lọ́wọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ti adáhunṣe wa. Ó mọ ewé tí ń wo àrùn, ṣùgbọ́n òru ni ó ń gún un, àrẹ̀mọ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń fi í hàn. Bí ikú bá dé lójijì, ó di gbére. N kò dá a lẹ́bi pátápátá. Ohun tuntun ni òfin ń dáàbò bò. Ìmọ̀ tí baba ńlá ẹni ti ń lò kì í ṣe tuntun. Bí ó bá tú àṣírí rẹ̀, ta ni yóò rántí orúkọ rẹ̀?

Síbẹ̀, kí ni ó dí àwa lọ́wọ́? Èkìtì ń yangàn pé ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni òun. Yunifásítì ìjọba wà ní Adó, ti Afẹ́ Babalọlá wà níbẹ̀ láti ọdún 2009, Pólì ìjọba àpapọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè kò jìyà nítorí ìwé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni nìkan. Ó ń jìyà nítorí iná tí kò dúró, owó tí kò sí, àti ìwé tí a ṣí sílẹ̀ tí a kò kà.

Ní tèmi, èrè tọ́ sí olùhùmọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí orí ìmọ̀ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó dúró lé. Àwa náà jẹ gbèsè. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ṣa àwọn ìwé tí ọjọ́ wọn ti pé, kí wọ́n sì gbìyànjú láti ṣe ohun tí ó wà nínú wọn. Kí á sì kọ ìmọ̀ àwọn àgbà wa sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì ń bẹ, pẹ̀lú orúkọ wọn lábẹ́ rẹ̀.