Ohùn Tí Èmi Nìkan Ń Gbọ́

Ohùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbọ́, ṣé ohùn ni àbí irọ́? Etí mi ń hó yee tọ̀sán-tòru. Wọ́n yẹ inú ẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Tí ọyẹ́ bá wá wọ Igbó-Ọrà, tí imú mi dí, ọ̀nà tóóró tó so imú mọ́ etí á dí pẹ̀lú: orin ìta á rẹlẹ̀, ti inú á gbòde.

Mi ò gbà pé irọ́ ni. Ariwo máa ń pa àwọn irun tíntìntín tó ń gba ohùn nínú etí, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ọpọlọ ló ń fi kún fólúùmù, torí ó ṣì ń retí ohùn tí kò wọlé mọ́.

Wọ́n á ní, Beethoven ńkọ́? Lóòótọ́, ní 1801 ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé etí òun ń hó tọ̀sán-tòru, kò sì torí ẹ̀ dáwọ́ orin dúró. Ṣùgbọ́n inú orí ẹ̀ lorin ti ń wá. Èmi olùgbọ́, etí nìkan ni mo ní.

Ohun tí ìyá ìlù ń sọ ṣì ń yé mi. Ṣaworo ara ẹ̀ ni mi ò mọ̀ yàtọ̀ sí ariwo etí mi mọ́. Tí wọ́n bá ń kó ìbejì jáde ládùúgbò, tí sípíkà ń mi ilé, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n jókòó sílé, kí n tọ́jú èyí tó kù. Kí n tọ́jú ẹ̀ de kí ni, tí kì í bá ṣe ìlù? Mo máa ń di etí, màá lọ dúró lẹ́yìn àwọn onílù, jìnnà sí sípíkà.